Òkè Ìdànrè lórí ìwé Ṣáínà: àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́rin àti ìwé mọ́kànlá tó bàjẹ́

Ìwé mọ́kànlá ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kí ìkejìlá tó gbà fún mi. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tó bá fẹ́ dán irú iṣẹ́ yìí wò má baà rò pé ọwọ́ tòun nìkan ló wúwo. Láti Oṣù Kẹsàn-án 2024 dé Oṣù Kìíní 2025 ni mo fi ṣe é: àwòrán Òkè Ìdànrè kan ṣoṣo tí mo fi tàdáwà yà sórí ìwé Ṣáínà, sẹ̀ǹtímítà 32 ní ìbú, 126 ní gígùn. Iye owó tó ná mi wà nínú rẹ̀. Ibi tí mo ti hùwà òmùgọ̀ náà wà níbẹ̀, mi ò yọ ọ́.

1. Ohun tó gbé mi débẹ̀

Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Àwòrán ilẹ̀ ni mo fi ń jẹun: òkè, odò, ọ̀nà oko, òrùlé páànù tó ti dípẹtà. Àkírílíìkì lórí kánfáàsì lọwọ́ mi mọ̀, òun ni àwọn tó ń kọ́lé tuntun ń rà. Ìdànrè nìkan, mo ti yà á ju ìgbà ogún lọ, kò sì sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Òkè náà máa ń jáde bí òkèlè ẹ̀bà tí wọ́n yí sínú abọ́, ìkùukùu rẹ̀ á sì dà bí òwú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

Ní 2016 mo bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ sí Guangzhou ní Ṣáínà. Táìsì ni wọ́n lọ rà. Xiaobei la dé sí, níbi tí àwa aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí. Ọjọ́ tí wọ́n lọ bá àwọn tó ń di ẹrù sínú kọ̀ńténà, èmi ń rìn kiri títí mo fi já sí Wende Lu, òpópónà kan tó kún fún ṣọ́ọ̀bù àwòrán, búrọ́ọ̀ṣì, àti àwọn tó ń lẹ àwòrán. Bàbá àgbà kan dojú àwòrán òkè kan dé orí tábìlì pupa, ó wọ́n omi sí i lẹ́yìn, ìwé náà sì rọ̀ wọ̀ọ̀ bí ewé tí wọ́n ti bó lára ẹ̀kọ gbígbóná. Ọkàn mi já. Mo ní ó ti ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́. Bàbá ò gbọ́ òyìnbó, èmi ò gbọ́ Ṣáínà. Ó kàn fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sọ́dọ̀ mi pé kí n jókòó. Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, àwòrán yẹn wà lára ògiri, ó le kankan bí awọ ìlù.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà sínú. Àwọn ará Ṣáínà ń pe àwòrán ilẹ̀ ní shanshui, ìyẹn òkè àti omi, orúkọ yẹn sì bá Ìdànrè mu ju èyíkéyìí tí mo ti gbọ́ lọ: òkúta gbàgìdì, ìkùukùu àárọ̀ lọ́rùn rẹ̀.

2. Irinṣẹ́

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣì wà ní Guangzhou ló bá mi rà wọ́n, ẹni tó ń bọ̀ wálé ló bá mi gbé e.

Ìwé xuan ogún, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 69 sí 138: ₦42,000.
Tàdáwà líle kan, ó ga tó ìka àárín mi: ₦13,000.
Ọlọ tàdáwà, òkúta dúdú tó tẹ́jú, tó ní kòtò níwájú: ₦17,000.
Búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta: ₦21,500. Irun ewúrẹ́ ni ọ̀kan, ó rọ̀, ó ń mu omi bí ẹni òùngbẹ gbẹ. Èkejì ni wọ́n ń pè ní irun ìkookò, ṣùgbọ́n ẹran kékeré onírù gígùn kan ni irun náà ti wá, ó ní agbára lẹ́nu. Ẹ̀kẹta pa méjèèjì pọ̀.
Owó ẹni tó gbé e: ₦9,000.

Ìwé xuan ti wá láti agbègbè Jing ní ìpínlẹ̀ Anhui. Èèpo igi kan tí wọ́n ń pè ní qingtan àti koríko ìrẹsì ni wọ́n fi ń ṣe é. Oríṣi méjì tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó náwó ni tútù àti jíjinná, bẹ́ẹ̀ gan-an làwọn náà ṣe ń pè é. Èyí tó jinná ti mu álọ́ọ̀mù àti oje awọ ẹran, omi kì í ràn lára rẹ̀. Tútù ni èyí tí a kò fi nǹkan kan sí, tó bá ti rí omi, ó parí. Ọ̀rẹ́ mi bi mí pé èwo ni. Mo ní tútù, nítorí pé òun ni àwọn ọ̀gá ń lò. Ìgbéraga ló ń ṣe mí.

3. Tàdáwà

Gbogbo wa la mọ tàdáwà lọ́wọ́ àlùfáà tó ń kọ wàláà. Ti Ṣáínà náà, ẹ̀dú èéfín ni, ti igi páìnì tàbí ti epo tí wọ́n jó, tí wọ́n fi oje awọ ẹran pò pọ̀, tí wọ́n sì gún títí yóò fi le. Ẹ ó da omi síbí kékeré kan sórí ọlọ, ẹ ó mú tàdáwà dúró gan-an, ẹ ó sì máa yí i po láìtẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú ogún ni tèmi. Tó bá ti dé ojú rẹ̀, ìró rẹ̀ á yí padà: á kúrò ní ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́, á wá máa dún mùkẹ́mùkẹ́, ipa tí ẹ bá sì fi tàdáwà fà kò ní tètè pa dé.

Wọ́n ní àwọ̀ márùn-ún ló wà nínú dúdú kan: èyí tó jóná, èyí tó ki, èyí tó wúwo, èyí tó ṣàn, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ọmọ ẹni tó ń rẹ aṣọ sínú aró ni mí, kò ṣòro fún mi láti gbà. Ìkòkò ẹ̀lú kan náà ló ń bí aṣọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, òun ló sì ń bí èyí tó dúdú kirikiri. Ó sinmi lórí iye ìgbà tí aṣọ bá wọlé. Mo to abọ́ tánganran kéékèèké márùn-ún sílẹ̀, mo fi omi là á láti èkíní dé ìkarùn-ún.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrin apá ń ro mí. Mo ra tàdáwà onígò kan, ₦3,500, tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ iléèwé tó ń yàwòrán, mo sì ń fi í ya ibi tó bá gbọ́dọ̀ dúdú jù. Ẹ fi gò yẹn sọ́kàn.

4. Ìrìn àjò sí Ìdànrè

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, ₦2,500 lẹ́ẹ̀kan, àlọ àtàbọ̀ pẹ̀lú owó ìwọlé. Àkọ́kọ́ bàjẹ́: mo dé lágogo mẹ́wàá, oòrùn ti lé ìkùukùu lọ. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo kúrò nílé ní aago márùn-ún ìdájí, ọjọ́ kejì òjò ńlá. Mo gun àtẹ̀gùn dé ibi ìsinmi kejì, mo jókòó. Òkè iwájú mi ò ní ìdí. Orí rẹ̀ nìkan ló léfòó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan ìdí rẹ̀ yọ, orí rẹ̀ sì wọlé.

Mi ò gbé tábìlì àwòrán lọ. Pẹ́ńsùlù àti ìwé àjákọ ni mo mú lọ, mo yà á ní ìgbà mẹ́rìnlá, mo sì kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Guo Xi, ayàwòrán Ṣáínà àtijọ́ tó ya àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ ìrúwé kan ní 1072 tó wà ní Taipei títí di òní, sọ pé ọ̀nà mẹ́ta lèèyàn ń gbà wo òkè: láti ìsàlẹ̀ gbójú sókè, láti iwájú yọjú wo ẹ̀yìn, láti orí òkè tó súnmọ́ wo èyí tó jìnnà. Àtẹ̀gùn Ìdànrè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi láàárín wákàtí kan, nítorí bí mo ti ń gùn ún ni òkè ń yí ipò padà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi dúró sójú kan nínú àwòrán náà. Ìsàlẹ̀ ìwé, mo ń gbójú sókè. Àárín, mò ń yọjú wo àlàfo níbi tí ààfin àtijọ́ wà. Òkè ìwé, ilẹ̀ ti tẹ́ lọ.

Ohun kan tún wà tí mo kọ sílẹ̀, tí mi ò kà sí nígbà náà: «òkúta náà ń dán, kò ní wínníwínní, ìlà dúdú ń ṣàn láti orí dé ìdí níbi tí omi òjò máa ń gbà.»

5. Ìwé mẹ́rin àkọ́kọ́

Mo tẹ́ odindi ìwé 69 sí 138 sórí tábìlì tó ní rọ́bà lójú. Mo fa ìlà mílímítà méjì. Kí n tó ka mẹ́wàá, ó ti di mẹ́sàn-án. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ àmì kékeré kan tó yẹ kó jẹ́ igi, ó fẹ̀ tó ẹnu kọ́ọ̀bù. Omi wà lábẹ́ ìwé náà, rọ́bà ò jẹ́ kó rí ọ̀nà lọ, ó wá ń padà sókè gba ibòmíràn jáde. Èkíní lọ.

Èkejì, mo tẹ́ kúbùsù àtijọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ìyípadà ńlá lèyí: kúbùsù ń mu omi tó ṣẹ́kù. Ẹ̀kẹta, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń nu búrọ́ọ̀ṣì: lẹ́yìn tí ẹ bá ti rì í, ẹ fi ìdí irun rẹ̀ kan aṣọ ìnuwọ́ kí ẹ ka méjì, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Ìdí ni omi ń fara pamọ́ sí. Ìlà mílímítà méjì wá dúró ní mẹ́ta.

Ẹ̀kẹrin, tàdáwà gbọ́ràn, ṣùgbọ́n àwòrán náà kú. Ìwé náà fẹ̀ jù, mo sì kún gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń ya kánfáàsì. Mo wá ń pín ìwé tí mo bá fẹ́ yàwòrán sí sí méjì ní ìdúró, 34.5 sí 138 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe há tó yẹn, òkè ò ráyè tẹ́ bí ẹ̀bà mọ́, dandan ni kí ọ̀kan gun orí èkejì.

6. Awọ òkúta

Ibí ni mo ti pẹ́ jù, ìwé márùn-ún ló sì jẹ.

Àwọn ayàwòrán Ṣáínà ní oríṣi ìfọwọ́fà tí wọ́n fi ń sọ irú òkúta tó wà nínú àwòrán. Èyí tó dà bí àáké tó bu igi, fún òkúta tó ní igun. Èyí tó dà bí okùn tí wọ́n tú, fún òkè oníyẹ̀pẹ̀. Èyí tó dà bí ẹ̀kán òjò. Mo wo fídíò, mo fi ìfọwọ́fà àáké dán an wò ní ẹ̀ẹ̀mejì: Ìdànrè di ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tà. Mo fi okùn dán an wò: ó di orí tí wọ́n dì ní sùkú. Ẹ̀kán òjò, ó dà bíi pé ìgbóná mú òkè náà. Ẹ̀karùn-ún, mo pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Mo pa á tì fún ọjọ́ mẹ́fà. Ọ̀rẹ́ mi ló fi àwòrán kan ránṣẹ́ láti Guangzhou, iṣẹ́ Hongren, ẹlẹ́sìn Búdà kan tí wọ́n bí ní 1610, tó kú ní 1664, tó ya Huangshan ní Anhui títí ayé rẹ̀. Mo là á tóbi lórí fóònù. Kò sí nǹkan kan lára òkúta rẹ̀! Ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín, ó gbẹ, ó sì dá ṣáṣá. Inú rẹ̀ ṣófo. Mo lọ wádìí irú òkúta tó wà ní Huangshan. Gránáìtì ni. Gránáìtì ni Ìdànrè náà. Òkúta méjèèjì ń dán, òjò ń fọ̀ wọ́n, yẹ̀pẹ̀ ò dúró lára wọn. Mo padà sídìí ìwé àjákọ mi, gbólóhùn tí mo kọ lórí òkè ń wò mí lójú: kò ní wínníwínní.

Ohun tí mo ṣe: búrọ́ọ̀ṣì ìkookò, tàdáwà kejì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, mo fi fa ẹ̀gbẹ́ òkè kan ní ìmí kan. Mi ò kan inú rẹ̀. Ìlà dúdú tí omi òjò ń gbà nìkan ni mo fi irun ewúrẹ́ fà, láti òkè wá sísàlẹ̀, mẹ́ta ní ọ̀tún, méjì ní òsì, mo sì jẹ́ kí ìwé tútù yẹn fẹ̀ wọ́n fúnra rẹ̀. Ohun tó ń bà mí jẹ́ láti ìwé àkọ́kọ́ ló wá ń bá mi ṣiṣẹ́. Ìlà náà ń fẹ̀ létí, ó ń ṣá, gẹ́lẹ́ bó ṣe rí lára òkúta.

7. Ìkùukùu, ẹ̀lú, ilẹ̀ pupa

Ìkùukùu ò ní kíkùn. Ìwé funfun náà ni. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tó ní omi lásán tọ ìsàlẹ̀ òkè, mo wá fi tàdáwà kẹrin kan etí omi náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì yọ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá kàn án lẹ́ẹ̀kejì yóò rí etí kan tó le bí àbàwọ́n tíì lórí aṣọ tábìlì.

Àwọ̀ méjì ni mo fi sí i. Àwọ̀ ewé àti búlúù tí wọ́n ń lọ̀ láti ara òkúta, irú èyí tí Wang Ximeng fi ya àwòrán tó gùn ju mítà mọ́kànlá lọ ní 1113 nígbà tí kò ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ, owó mi ò ká a. Ṣùgbọ́n búlúù wọn kejì, huaqing, ẹ̀lú ni. Mo ké sí àǹtí mi ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Wọ́n fi ìfófòó aró tó ti gbẹ ránṣẹ́ sí mi nínú ìwé ìròyìn. Mo lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi awọ ẹran díẹ̀, ó ní iyanrìn nínú. Mo sẹ́ ẹ nínú aṣọ ẹ̀ẹ̀mejì, ó ṣe é lò. Àwọ̀ pupa, ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà ní Àkúrẹ́ ni. Mo rẹ ẹ́, mo da omi rẹ̀ sínú abọ́ mìíràn kó tòrò, ẹ̀ẹ̀mẹta, èyí tó rọ̀ jù ní ìsàlẹ̀ ni mo mú. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ̀lú fún òkè tó jìnnà, ilẹ̀ pupa fún ìdí igi àti òrùlé.

Àwòrán kẹwàá jáde. Mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Ó dúró pẹ́ díẹ̀, ó ní, «Ìdànrè rèé o. Òtútù ń mú mi.»

8. Gò yẹn

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu wọn pé ìdá mẹ́ta ni yíyà, ìdá méje ni lílẹ̀. Mo rò pé àsọdùn ni.

Bí iṣẹ́ lílẹ̀ ṣe ń lọ nìyí: ẹ ó dojú àwòrán dé, ẹ ó rẹ ẹ́ kó tẹ́, ẹ ó fi lẹ́ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó tẹ́ ìwé tó tóbi jù ú lọ lé e, ẹ ó sì gbé méjèèjì lẹ̀ mọ́ pátákó láti etí kí wọ́n gbẹ. Mo dojú ìkẹwàá dé. Mo wọ́n omi. Mo rí àwọ̀ eérú kan tó ń rìn láti abẹ́ igi ìwájú. Mo gbé igun rẹ̀ sókè: tàdáwà ọlọ dúró pa, kò mì. Ti inú gò ń ṣàn bí omi, ó ti wọnú ìkùukùu.

Tàdáwà líle tó bá ti gbẹ dáadáa lórí ìwé kì í ṣí mọ́. Onígò mìíràn wà tí kì í ṣí, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò lórí àjákù kẹ́ ẹ tó fọkàn tán an: ẹ fa ìlà, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ kan, ẹ fi òwú tútù tẹ̀ ẹ́. Ìdánwò ìṣẹ́jú kan. Mi ò ṣe é.

Mo ya méjì tuntun lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìkọkànlá àti ìkejìlá, tàdáwà ọlọ nìkan.

9. Lẹ́ẹ̀

Àǹtí mi ń se ẹ̀kọ fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ láti kékeré. Láfún, álọ́ọ̀mù, iná pẹ̀lẹ́. Mo ní èmi náà á fi tiwa lẹ̀ ẹ́. Láfún ₦700, álọ́ọ̀mù ₦300. Mo fi ra ẹ̀yìn ọ̀kan nínú àwọn tó ti bàjẹ́. Ó lẹ̀ dáadáa. Nígbà tó gbẹ, ó gan bí páálí, mo sì ká a, ó sán ní ibi méje. Mo pe àǹtí.

«Ìwọ ọmọ yìí,» wọ́n ń rẹ́rìn-ín, «ẹ̀kọ tiwa, kó lè ṣí la ṣe ń sè é. Tó bá ti gba aró dúró tán, a ó ha á dànù. Ìwọ ń wá èyí tó máa dúró.»

Mo wá lọ sídìí fúláwà, kílò kan, ₦1,800. Mo pò ó, mo sì ń fọ̀ ọ́ nínú omi bí ẹni ń fọ aṣọ títí ohun tó ń fà bíi rọ́bà fi ṣẹ́kù sọ́wọ́ mi. Ẹ sọ ìyẹn nù. Omi funfun tó kù, ẹ jẹ́ kó tòrò. Ẹni tó bá ti se ògì rí ti mọ ìyókù: mò ń da omi orí rẹ̀ nù, mò ń bu òmíràn sí i, lójoojúmọ́ fún ọjọ́ méje. Ọjọ́ kẹta ó rùn kíkan, ọjọ́ keje kò rùn mọ́. Mo sè é bí ẹ̀kọ mímu, mo fi omi tí mo fi bọ kànáfùrù (₦500) sí i nítorí kòkòrò, mo sì sẹ́ ẹ.

Àṣìṣe mi ni pé mo lò ó bó ṣe ki. Ìwé náà tún gan. Ìdá kan lẹ́ẹ̀ sí ìdá mẹ́rin omi ló ṣiṣẹ́, ó ṣàn bíi mílíìkì inú agolo tí a ti là. Kò dà bí ohun tó lè lẹ nǹkan kan. Nígbà yẹn ni mo rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni mò ń dá láti ọjọ́ kìíní: omi pọ̀ jù, ìfọwọ́fà pọ̀ jù, lẹ́ẹ̀ ki jù. Lẹ́ẹ̀ fúláwà yìí náà, omi lè tú u lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rí àwòrán àtijọ́ bó láti tún un lẹ̀.

10. Ilẹ̀kùn àti ọyẹ́

Mi ò ní ògiri tó tẹ́jú. Mo ra ilẹ̀kùn pátákó àlòkù, 76 sí 200, ₦14,000, mo fi sáńpépà ha á, mo dùbúlẹ̀ rẹ̀ sórí àpótí mẹ́rin. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé ínǹṣì mẹ́rin, èyí tí irun rẹ̀ rọ̀, ₦2,200. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ ni mo kọ́kọ́ lò lórí àjákù, ó ya á.

Ọjọ́ kọkàndínlógún Oṣù Kejìlá. Àwòrán kọkànlá, mo gé e sí 32 sí 126, ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ 42 sí 138. Gbogbo nǹkan lọ wẹ́rẹ́. Mo lẹ etí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, mo gbé ilẹ̀kùn dúró ti ògiri, mo lọ jẹun. Ọyẹ́ ti wọ̀lú, fèrèsé sì ṣí. Ìlásà wà lẹ́nu mi nígbà tí mo gbọ́ ọ: pọ́ọ̀! Bí ẹni fa aṣọ tuntun ya. Ìwé náà ti ya láti etí ọ̀tún wọ àárín, sẹ̀ǹtímítà 40, ó gba inú ààfin kọjá.

Ìwé ń sún kì bó bá ń gbẹ. Bó bá gbẹ díẹ̀díẹ̀, á sún kì lápapọ̀. Ọyẹ́ gbẹ etí rẹ̀ kí àárín tó mọ̀, nǹkan kan gbọ́dọ̀ já.

Ọ̀rẹ́ mi fi ohùn ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní kí n má sọ ọ́ nù. Ó sọ ìtàn àwòrán Òkè Fuchun fún mi, èyí tí Huang Gongwang ya nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó kọ ọ̀rọ̀ sí i lára ní 1350. Ní 1650 ẹni tó ni ín, tó fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀mí lọ, ń kú lọ, ó ní kí wọ́n sun ún kó lè bá òun lọ. Ọmọ ẹbí rẹ̀ ló fà á yọ nínú iná. Ó ti já sí méjì. Apá kékeré wà ní Hangzhou, apá ńlá wà ní Taipei, wọ́n sì tò wọ́n pọ̀ ní Taipei ní 2011. Mo ní mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe Huang Gongwang. Mo tọ́jú rẹ̀ ṣá, òun ni mo fi kọ́ gbogbo ohun tó kù.

Fún ìkejìlá, mo ti fèrèsé, mo so aṣọ ìnura tútù mẹ́ta sínú yàrá, mo fi omi nu ilẹ̀kùn kí n tó lẹ ìwé mọ́ ọn. Etí sẹ̀ǹtímítà kan péré ni mo fi lẹ́ẹ̀ sí, mo ti igi sítíróò kan bọ abẹ́ etí ìsàlẹ̀, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí àwòrán má baà lẹ̀ mọ́ pátákó. Oru nìkan ni mo jẹ́ kó fi gbẹ dáadáa, lọ́sàn-án mo ń wọ́n omi sáfẹ́fẹ́. Mi ò sùn lóru àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lára ilẹ̀kùn. Mo ti ọ̀bẹ ọparun gba ihò sítíróò wọlé, mo ń sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni ń bẹ ewúrẹ́. Ó bó lódidi. Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú èékánná: ó dún bí ìlù.

11. Aṣọ etí àti igi

Sílíìkì ni wọ́n máa ń fi ṣe etí tó yí àwòrán ká. Mo ní àjákù sányán lọ́wọ́, tí màmá mi fi sílẹ̀, sílíìkì ilẹ̀ wa sì ni. Mo gbìyànjú rẹ̀ lára ìkọkànlá. Sányán wúwo, nígbà tó rí omi ó sún kì ju ìwé lọ, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì wú bí àlápà tí òjò ti pa. Mo bọ́ ọ, mo fọ̀ ọ́, mo dá a padà sínú àpótí màmá mi.

Aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo rà, ₦5,600. Mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kó sún kì tán, mo rì í sínú omi ẹ̀lú tó ti ṣá, ẹ̀ẹ̀kan péré, mo lẹ ìwé sí i lẹ́yìn, mo wá gé e: mẹ́ta-mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́, 22 lókè, 14 nísàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ di 38 sí 162. Ìwé ẹ̀yìn kejì ò gùn tó, mo so méjì pọ̀. Ó tún padà sára ilẹ̀kùn, ọjọ́ méje.

Igi méjì tí àwòrán á fi rọ̀ sára ògiri ló kù: wọ́n ń pe ti òkè ní igi ọ̀run, ti ìsàlẹ̀ ní igi ayé. Mo fi ọparun ṣe wọ́n, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin mo rí ìyẹ̀fun nílẹ̀ lábẹ́ wọn. Kòkòrò ti wọlé. Káfíńtà àdúgbò fi igi gbígbẹ gbẹ́ méjì fún mi, ₦4,000: ti òkè tẹ́jú lápá kan, ti ìsàlẹ̀ rí roboto, sẹ̀ǹtímítà 2.5. Ìwúwo ti ìsàlẹ̀ ló ń fa àwòrán náà tọ́. Mo fi àbẹ́là ra ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi òkúta odò tó ń dán lọ̀ ọ́ kó lè máa ká wọ́rọ́wọ́rọ́.

12. Bó ṣe rí báyìí

₦142,600 ni gbogbo rẹ̀ jẹ́, pẹ̀lú ìwé xuan mẹ́rin àti ọlọ tó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ó wà lára ògiri pálọ̀ láti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n Oṣù Kìíní. Bí èèyàn bá wọlé láti ojú ọ̀nà, orí òkè ló kọ́kọ́ rí. Tó bá súnmọ́ ọn, ó rí àtẹ̀gùn. Tó bá tẹ̀ síwájú, ó rí èèyàn kékeré kan tó jókòó sí ibi ìsinmi kejì, kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Mo fi ojú ọ̀bẹ ha igi méjì kúrò lára ilẹ̀ iwájú kí n tó lẹ̀ ẹ́, ibi tí mo ti ha hàn tí iná bá tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́.

Igun ìsàlẹ̀ lápá òsì ṣì ń ká sókè, sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀. Mo fura pé lẹ́ẹ̀ ki díẹ̀ níbi tí mo ti so ìwé ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, tàbí kó jẹ́ pé igi ìsàlẹ̀ ò wọlé déédéé. Mo ti ká a sí òdìkejì fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tẹ́, ó sì tún padà. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, máa tú u, máa tún un lẹ̀.